Bí Àwọn Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti So Ìwé Mọ́ Ìwé

Bí olùkọ́ kan bá wí fún kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n ṣí Jòhánù orí 3 ẹsẹ 16, kò sí ọmọ kan tí yóò béèrè pé, "Ojú-ìwé mélòó ni, sà?" Ẹni tí ó gbé Bíbélì ńlá bàbá rẹ̀ wá, ẹni tí ó mú Májẹ̀mú Titun kékeré wá, àti ẹni tí ó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ni yóò dé ibi kan náà láìpẹ́. Ohun yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí ohun ìyanu mọ́. Síbẹ̀, ó gba àwọn ènìyàn ní ọdún tí ó ju 1,200 lọ kí wọ́n tó rí i ṣe bí a ti ń ṣe é lónìí. Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí, nítorí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jáde ní àkókò tiwa yìí ń bá ìṣòro kan náà jà tí àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ bá jà. Ìtàn ìṣòro náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ìwé kì í ṣe odindi ohun kan láìlábùlà. Ègé ègé ni ó jẹ́: ìtàn kan, àlàyé kan, ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Nígbà tí ègé kan bá kan ọ̀rọ̀ tí ègé mìíràn ti ṣe àlàyé rẹ̀, akọ̀wé a fẹ́ nawọ́ sí i pé, "Wo ibẹ̀ yẹn." Nínawọ́ yìí ni a ń pè ní ìtọ́ka. Ṣùgbọ́n "ibẹ̀ yẹn" gbọ́dọ̀ ní orúkọ, orúkọ náà kò sì gbọdọ̀ ṣí kúrò lára ohun tí ó ń jẹ́ ẹ. Bí àlejò bá béèrè ilé Àjàyí, tí a sì dá a lóhùn pé ilé tí a so ewúrẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀ ni, òótọ́ ni a sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí a tú ewúrẹ́ náà, ilé onílé ni àlejò yóò wọ̀.

Nọ́ḿbà ojú-ìwé dàbí ewúrẹ́ náà. Ṣáájú kí ìwé títẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ ni a fi ń da ìwé kọ. Akọ̀wé kan a máa kọ lẹ́tà gàdàgbà gadagba, èkejì a máa kọ wínníwínní. Awọ tí ọ̀kan fi ṣe ìwé tóbi, ti èkejì kéré. Ohun tí ó wà ní ojú-ìwé 40 nínú ẹ̀dà kan lè wà ní ojú-ìwé 57 nínú òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ka kò lè lo ojú-ìwé. Ó ní láti wá orúkọ tí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ awọ tí a kọ ọ́ sí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe èyí ní ọ̀nà tí ó pẹ́ ni Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ní Palẹsítínì, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 339. Ìwé Ìhìnrere mẹ́rin ni ó wà níwájú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí òǹkàwé lè mọ ibi tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkùnrin kan ará Alẹkisáńdíríà, tí à ń pè ní Ammonius, ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú: ó fi Mátíù ṣe ìpìlẹ̀, ó sì ya àwọn ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti bá a mu. Ṣùgbọ́n èyí fọ́ ìtàn Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ kà wọ́n bí wọ́n ti kọ wọ́n kò rí ọ̀nà. Eusebius kò ṣí ọ̀rọ̀ kan kúrò ní ipò rẹ̀. Ó pín ìwé kọ̀ọ̀kan sí abala abala, ó sì fún abala kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà: Mátíù ní abala 355, Jòhánù ní 232. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe tábìlì 10. Tábìlì kìíní to nọ́ḿbà àwọn abala tí ó wà nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tí ó tẹ̀lé e wà fún èyí tí ìwé mẹ́ta pín, lẹ́yìn náà èyí tí ìwé méjì pín. Ìkẹwàá sì wà fún ohun tí ìwé kan ṣoṣo sọ. Ní etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, ó kọ nọ́ḿbà abala, ó sì fi yíǹkì pupa kọ nọ́ḿbà tábìlì sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti mọ́gbọ́n dání tó. Òǹkàwé kan ń ka bí a ti bọ́ 5,000 ọkùnrin nínú Mátíù. Ó wo etí ìwé, ó rí nọ́ḿbà abala náà, ó sì rí i pé tábìlì kìíní ni ó wà. Ó lọ sí tábìlì kìíní, ó wá nọ́ḿbà ti Mátíù, ó sì rí ti Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù lórí ìlà kan náà. Ó ṣí wọn. Ó padà síbi tí ó ti kúrò, kò sì sí ìwé kan tí a fọ́. Ètò tí a pín sí mẹ́ta yìí, ègé tí ó dúró sí ipò rẹ̀, orúkọ tí a fún un, àti ìwé mìíràn tí ó to orúkọ wọ̀nyí pọ̀, ni gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e títí di òní dúró lé. Ó yà wá lẹ́nu pé a kì í sábà kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ ọkùnrin yìí bí kò ṣe nítorí ìtàn ìjọ tí ó kọ.

Ṣùgbọ́n orí àti ẹsẹ tí a mọ̀ kì í ṣe ti Eusebius. Ní nǹkan bí ọdún 1200, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ara wọn jọ sí Paris, olúkúlùkù pẹ̀lú Bíbélì Látìnì tí a pín ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Olùkọ́ a dárúkọ orí 10, ọmọ kan a ṣí ibì kan, ọmọ mìíràn a ṣí ibòmíràn. Stephen Langton wà lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀, òun náà tí ó di Archbishop Canterbury lẹ́yìn náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìtàn Magna Carta ti ọdún 1215. Òun ni a sábà ń sọ pé ó pín Bíbélì sí orí bí a ti mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ilé Saint-Jacques ní ìlú kan náà, lábẹ́ Hugh ti Saint-Cher, to ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ABD, tí wọ́n sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí iwájú rẹ̀. Orí gùn jù fún iṣẹ́ náà, nítorí náà wọ́n fi ojú inú pín orí sí ọ̀nà 7, wọ́n sì fi lẹ́tà 7 àkọ́kọ́ nínú ABD Látìnì sọ wọ́n lórúkọ. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sínú Bíbélì fúnra rẹ̀ nípa lẹ́tà wọ̀nyí. Òǹkàwé ni yóò fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Paris tí ó sá lọ sí Geneva, ni ó fi ẹsẹ onínọ́ḿbà sí Májẹ̀mú Titun Gíríìkì tí ó tẹ̀ ní ọdún 1551. Ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà ìrìn-àjò láti Paris sí Lyon ni bàbá òun ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, lórí ẹṣin; àwọn ẹlẹ́fẹ̀ sì máa ń wí pé níbi tí ẹṣin bá ti kọsẹ̀ ni ẹsẹ ti ṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ. Òótọ́ ni pé àwọn ẹsẹ kan gé gbólóhùn sí méjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí àṣìṣe náà láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àìmọye ìwé ìwàásù, ìwé àlàyé àti ìwé ẹ̀kọ́ ti fi nọ́ḿbà wọ̀nyí tọ́ka; ẹni tí ó bá sún ẹsẹ kan síwájú ti sọ gbogbo ìwé wọ̀nyẹn di irọ́. Ní tiwa, a rò pé nọ́ḿbà tí kò dára tó tí gbogbo ayé sì mọ̀ sàn ju èyí tí ó dára tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ lọ.

Ìwé Psalmu fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí orúkọ bá di méjì. Nínú ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́, a so Psalmu 9 àti 10 ti Hébérù pọ̀ di ọ̀kan, Látìnì sì tẹ̀lé Gíríìkì. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ḿbà méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí ìwé náà parí. Psalmu olùṣọ́-àgùntàn tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀ sí 23 jẹ́ 22 nínú Bíbélì Látìnì. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé àwọn bàbá ìjọ ilẹ̀ Róòmù tí kò sì mọ èyí, Psalmu mìíràn ni yóò ṣí.

Nípa nọ́ḿbà Estienne ni iṣẹ́ Ajàyí Crowther fi lè so mọ́ iṣẹ́ àwọn tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Ìwé Róòmù ní Yorùbá jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Yorùbá kò to ọ̀rọ̀ bí Gíríìkì ti í to ó. Gbólóhùn kan lè gùn sí i, òmíràn lè kúrú. Ojú-ìwé kò lè bá ara wọn mu láéláé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí nọ́ḿbà ẹsẹ ti wà, olùkọ́ ní Abẹ́òkúta lè gbé Yorùbá lé ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ sí ẹsẹ, kí ó sì yẹ ìtumọ̀ wò. Gbogbo ìtọ́ka tí a ti kọ sí etí Bíbélì fún ọdún 300 ṣáájú ìgbà náà di ti òǹkàwé Yorùbá ní ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé a tún ọ̀kan ṣe nínú wọn.

Bíbélì ní àǹfààní kan tí ìwé púpọ̀ kò ní: kò sí ẹni tí ń fi orí titun kún un. Kí ni ti iṣẹ́ tí ń dàgbà lójoojúmọ́, bí àkójọ ìmọ̀ tàbí àkọsílẹ̀ ọ̀mọ̀wé? Bí a bá fún abala ní nọ́ḿbà 1 dé 100, tí ọ̀rọ̀ titun sì fẹ́ wọ àárín 12 àti 13, ṣé a ó tún gbogbo nọ́ḿbà kọ ni? Niklas Luhmann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó gbé ayé láti 1927 sí 1998, rí ọ̀nà kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ó ti ń kọ èrò rẹ̀ sórí káàdì kéékèèké tí ó ń kó sínú àpótí, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 90,000. Bí èrò titun bá fẹ́ wọ ẹ̀yìn káàdì 12, ó sọ ọ́ ní 12a. Bí òmíràn bá tẹ̀lé 12a kí ó tó kan 12b, ó di 12a1. Àyè kì í tán. Káàdì tí ó bá ti gba nọ́ḿbà kì í pàrọ̀ rẹ̀ mọ́ láé, káàdì mìíràn tí ó wà ní òpin àpótí sì lè kọ 12a1 sí ara rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kò to káàdì wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ìtọ́ka ni ó fi to wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dé, a rò pé ìṣòro náà yóò parí. Ní ọdún 1965, Ted Nelson ará Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ jáde nípa ìwé tí a lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú rẹ̀. Ohun tí ó sì ń fẹ́ ni ìtọ́ka tí ó mọ ìhà méjèèjì, tí kò lè já. Tim Berners-Lee kò dúró de èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ní ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí à ń pè ní CERN, ní ẹ̀gbẹ́ Geneva kan náà tí Estienne ti tẹ̀wé, ó kọ àbá ohun tí ó di íntánẹ́ẹ̀tì olójú-ewé tí a ń kà lónìí. Ìtọ́ka tirẹ̀ jẹ́ ti ìhà kan: ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí ojú-ewé ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ, láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Nítorí ìrọ̀rùn yìí ni ó ṣe tàn ká gbogbo ayé láìpẹ́ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ní owó tí a san sí i. Bí ẹni tí ó ni ojú-ewé bá ṣí i nípò, kò sí ẹni tí yóò sọ fún àwọn tí ó tọ́ka sí i. Òǹkàwé a tẹ̀ ẹ́, nọ́ḿbà 404 a sì jáde láti wí pé a kò rí i. Ní ọdún 1998, Berners-Lee fúnra rẹ̀ kọ̀wé láti bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe pàrọ̀ àdírẹ́sì ojú-ewé wọn, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tí ó ni wọ́n.

Ward Cunningham mú ohun titun kan wá ní ọdún 1995 nínú ètò tí ó pè ní wiki, ọ̀rọ̀ Hawaii tí ó túmọ̀ sí kíá. Níhìn-ín, a lè tọ́ka sí ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ; àmì ìbéèrè kan a dúró lẹ́yìn orúkọ náà, ẹni tí ó bá tẹ àmì náà ni yóò kọ ọ́. Orí irú ètò yìí ni Wikipedia dúró lé láti ọdún 2001, ti èdè Yorùbá sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2004 ni John Gruber, tí Aaron Swartz ràn lọ́wọ́, gbé ìlànà Markdown jáde. Ìrònú rẹ̀ rọrùn: kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lásán, kí ó sì fi àmì díẹ̀ tí ojú lè fara dà sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kan ju èyí tí ó fi ń ka lẹ́tà lọ lè kà á. Àmì # ṣáájú ìlà sọ ọ́ di àkọlé. Fún ìtọ́ka, a fi àkámọ́ onígun yí ọ̀rọ̀ ká, a sì fi àkámọ́ lásán yí àdírẹ́sì rẹ̀ ká, bí èyí: [ọkọ̀ ojú omi](oko-oju-omi.md). Ní ọdún 2008, Tom Preston-Werner ṣe Jekyll, ètò tí ń gba àpò kan tí ó kún fún fáìlì Markdown, tí ó sì ń sọ ọ́ di odindi ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, láàárín ìlà méjì oní-dáàṣì mẹ́ta, akọ̀wé a kọ àkọlé, ọjọ́, àti ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà. Ètò náà a ka orí fáìlì wọ̀nyí, a sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà. Eusebius ìbá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: fáìlì ni abala rẹ̀, orí fáìlì ni etí ìwé rẹ̀, ojú-ewé tí ètò náà fi to orúkọ pọ̀ ni tábìlì rẹ̀.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé orúkọ fáìlì a máa di àdírẹ́sì. Bí a bá gbé fáìlì láti àpò kan sí òmíràn, tàbí tí a tún àkọlé rẹ̀ ṣe, ewúrẹ́ ti tú nìyẹn. Hugo, ètò tí Steve Francia bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ní ọ̀nà méjì láti dènà èyí. Bí akọ̀wé bá lo ọ̀nà ìtọ́ka tí ètò náà fún un, Hugo yóò kọ̀ láti tẹ ìwé jáde títí a ó fi tún ìtọ́ka tí ó já ṣe. Èkejì, a lè kọ àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ sí orí fáìlì; ẹni tí ó bá wá sí ibi àtijọ́ ni a ó darí sí titun.

Fún àwa tí ń kọ Yorùbá, ọ̀ràn orúkọ yìí le ju ti àwọn mìíràn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni wọ́n ń bọ́ àmì kúrò lára àkọlé kí wọ́n tó sọ ọ́ di àdírẹ́sì. Ká ní ilé-ìwé kan fẹ́ ṣe ìwé atúmọ̀-èdè kékeré, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tirẹ̀. Oko tí a ń dá, òkò tí a ń sọ, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé: mẹ́fẹ̀ẹ̀fa ni yóò di "oko". Nínú ètò kan, fáìlì ìkẹyìn ni yóò bo àwọn ìyókù mọ́lẹ̀. Nínú òmíràn, a ó fi 1, 2, 3 sí ẹ̀yìn wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tò. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ titun kan sí àárín wọn, nọ́ḿbà yóò yí, ẹni tí ó tọ́ka sí ọkọ́ yóò sì bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ ìyàwó. Àwọn tí ó jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ìdí kíkọ Yorùbá múlẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi di àmì mú.

Bí ètò bá sì gba àmì láàyè, ìjànbá mìíràn tún wà. Nínú ìlànà Unicode, tí ó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ḿbà, lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A lè fi ẹ àti àmì òkè ṣe é. A sì lè fi é àti àmì ìsàlẹ̀ ṣe é. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n lójú ẹ̀rọ tí a kò bá sọ fún un kí ó sọ méjèèjì di ọ̀kan. Olùkọ́ kan lè kọ ìtọ́ka náà dáadáa, kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti kọ orúkọ fáìlì náà dáadáa, síbẹ̀ kí 404 jáde.

Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ètò fúnra rẹ̀ fa àdírẹ́sì yọ láti inú àkọlé Yorùbá. Wọ́n a fi ọwọ́ kọ ọ́ sí orí fáìlì, láìlámì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kejì tí yóò yà á sọ́tọ̀: oko-riro, oko-jiju, oko-iyawo, oko-oju-omi, oko-iroko, oko-ogun. Wọ́n a fi àkọlé náà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún ojú òǹkàwé. Ọjọ́ tí a dá fáìlì náà ni wọ́n ń ṣe èyí, ṣáájú kí fáìlì mìíràn tó tọ́ka sí i.